Yìnyín Ọ̀nà Jíjìn

Ìwọ tó ń ka èyí, jọ̀wọ́, bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín sí ọ tó sì ń béèrè ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ, má yára dáhùn. Kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ kí o tó wo eyín rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ nílé pé ẹni tí wọ́n kí tí kò dáhùn, kò lẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti jáde lẹ́nu, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni yóò fi sáré, ìwọ tí o sọ ọ́, ẹsẹ̀ méjì péré lo ní tí o máa fi lé e. Rọra kà á. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ bá jà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìjà ni ilé oníáìsìkiriìmù fi jí. Kì í ṣe ìjà ńlá. Ìyá Dídùn dúró ti ìkòkò mílíìkì, ó ń rò ó kó má baà jóná nídìí, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù: káńtà kan, fírísà méjì, bẹ́ǹṣì tí wọ́n tò mọ́ ògiri, fèrèsé fífẹ̀ tó kọjú sí títì. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń sè é, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ìyá Dídùn ló ń dúró níwájú. Ọkọ rẹ̀ ló ń dúró lẹ́yìn pẹ̀lú òòlù onígi, tó ń fọ́ yìnyín nínú àpò. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Bàbá Yìnyín. Wọ́n ní torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé torí ojú rẹ̀ ni.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé lánàá, nígbà tí Ìyá Dídùn sáré jáde, obìnrin kan wọlé, ó kí Bàbá Yìnyín, ó tún un kí, ó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bàbá Yìnyín kò sọ nǹkan kan. Ó gba owó, ó ti ife sí i lọ́wọ́, ó padà sídìí yìnyín rẹ̀. Obìnrin náà pàdé Ìyá Dídùn lọ́nà, ó ní ṣé àwọn ṣẹ bàbá ni. Bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ti ṣí sí ìkóríta, onígíláàsì, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Níbẹ̀, èèyàn á fi ìka tẹ ohun tó fẹ́ lójú ẹ̀rọ, ọmọbìnrin kan á tì í sí i láìwo ojú rẹ̀. Tiwọn sì dínwó. Láti ìgbà náà ni bẹ́ǹṣì Ìyá Dídùn ti ń ṣófo lọ́sàn-án.

"Ohun kan ṣoṣo tí a fi jù wọ́n lọ ni ẹnu," ni Ìyá Dídùn wí. "Ẹ béèrè ilé wọn. Ẹ béèrè ọmọ wọn. Ẹ ní ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín ti fúyẹ́. Ṣé ìyẹn náà á ná wa lówó ni?"

Bàbá Yìnyín ní ẹni tó bá wá ra áìsìkiriìmù, áìsìkiriìmù lòun máa ń fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ojú ń dùn, tó ń bá wọn gbé, jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń fi ìka ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìyàwó wa, fi í sílẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ fẹ́ ẹ pàápàá, ta ló bá a sọ ọ́? Ṣèbí èmi ni."

Bàbá Yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n mu tíì dúdú, wọ́n fi jẹ búrẹ́dì àná tó ti le. Mílíìkì ń hó níwájú wọn, kò sí ẹni tó fi ṣíbí kàn án. Títà ni mílíìkì wà fún. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Bàbá Yìnyín dìde, ó ní ó dáa, òun á gbìyànjú. Bó ṣe sọ ọ́, ó dà bí ọmọdé tí wọ́n ní kó lọ tọrọ gáfárà.

Kò sírọ́ nínú ohun tí Ìyá Dídùn sọ. Ó mọ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí eyín ń dùn, tó fẹ́ kí tirẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ kí wọ́n tó gbé e fún un. Ó mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ àlàáfíà ara wọn. Bàbá kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ife méjì ló ṣì máa ń rà, á jẹ ọ̀kan, á máa wo ìkejì títí yóò fi yọ́. Ìyá Dídùn á kó ife náà kúrò, kò jẹ́ béèrè. Ẹ̀rọ wo ló mọ ìyẹn?

Ìbéèrè kan wà ṣá tó gbọ́dọ̀ béèrè, torí iṣẹ́ ló fà á. Ẹni tí kò bá ní jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, Ìyá Dídùn á bi í pé, "Ó ń lọ síbo?" Bó bá jẹ́ ilé kejì, ìwé la ó fi wé e. Bó bá jẹ́ òpin ìlú, yìnyín díẹ̀ nínú ọ̀rá. Bó bá jẹ́ ìrìn àjò, yìnyín tí wọ́n fọ́ kúnná, tí wọ́n da iyọ̀ sí, tí wọ́n fi aṣọ tútù àti ìwé ìròyìn dì mọ́ inú ike onídèérí. Bí èèyàn ò bá béèrè, ọbẹ̀ ló máa dé ibi tó ń lọ, olówó á sì padà wá pẹ̀lú èébú. Gbogbo oníbàárà ló máa ń dáhùn láìronú. Ìyá Dídùn á wá pariwo rẹ̀ sẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀, kó lè mọ bí yóò ṣe fọ́ ọ tó.

Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú nígbà tí ìyàwó Káfíńtà wọlé, ó fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́.

Káfíńtà yìí, gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló kan káńtà náà, òun ló kan bẹ́ǹṣì, kò sì gba owó gọbọi. Bó bá jókòó síbẹ̀ tó ń ṣe àwàdà, àwọn ènìyàn á máa di inú mú. Ìyàwó rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ni ibi tó lè yà sí láìkọ́kọ́ gbàṣẹ, torí ọkọ rẹ̀ gbà pé ilé ọ̀rẹ́ òun ni. Ọjọ́ mìíràn á ra ife kan, kò ní jẹ ẹ́. Á gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ní ooru ló ń mú òun. Ìyá Dídùn á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa tún inú fírísà tò tó ti tò tẹ́lẹ̀, kí ìyàwó náà lè ráyè gbé e lé e dáadáa. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀. Kò bi í léèrè rí. Ọ̀wọ̀ ni Ìyá Dídùn pe ìyẹn.

Lọ́jọ́ yìí, ó wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn, ó fa gèlè wá sílẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Ó ní àwọn fẹ́ gbé ti ọmọ dání.

Ìyá Dídùn ti ń bọ ṣíbí nínú omi. "Ó ń lọ síbo, ìyàwó?"

Ìyàwó Káfíńtà kò dáhùn. Ọmọ náà ló dáhùn, ó ní ilé ẹ̀gbọ́n màmá òun ni, ọkọ̀ làwọn máa wọ̀. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, kò le, bí ìgbà tí èèyàn bá ń nu ẹnu ọmọ. Ó wá sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé ìkọjá odò ni, gáréèjì ìsàlẹ̀ làwọn ti máa wọkọ̀. Ó ní bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe bàbá rẹ̀ lọ́nà, òun fẹ́ kó rí nǹkan lá.

Ẹnu Ìyá Dídùn ti mọ́ ọn lára. Kó tó ronú, ó ti nahùn sẹ́yìn: "Bàbá, yìnyín ọ̀nà jíjìn. Ìyàwó Káfíńtà ló ni ín, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìkọjá odò, ọkọ̀ ìsàlẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wo ọmọ náà dáadáa. Ọmọ náà wọ aṣọ méjì léra wọn, lábẹ́ oòrùn yẹn. Ìyá Dídùn wo aṣọ náà, ó wo gèlè tó wá sílẹ̀, ó wo ojú tó wà lábẹ́ gèlè, èyí tó wú tí kò lè là tán. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi.

Ó gba yìnyín lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dì í, ó fi aṣọ kún aṣọ, ó fi iyọ̀ kún iyọ̀. Ó ní òun ò gbowó. Ìyàwó náà fi owó lé káńtà.

"Ẹ gbà á, mà," ó ní. "Kó lè dà bí ọjọ́ gbogbo."

Ìyá Dídùn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, bóyá ó fẹ́ súre. Àwọn ọmọ ilé ìwé wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ń ti ara wọn. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Ìyàwó Káfíńtà gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde, kò gba iwájú.

Ṣé Ìyá Dídùn sọ fún ọkọ rẹ̀? Kò sọ. Ẹni tí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, ta ni yóò máa kìlọ̀ fún un pé kó má sọ̀rọ̀? Ó wo ẹ̀yìn Bàbá Yìnyín tó tẹ̀ lórí àpò yìnyín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣúgà ti tán nílé. Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, ó mú àpò, ó ní òun ń bọ̀.

Ọ̀sán ni Káfíńtà wọlé, lúbúlúbú igi ṣì wà lórí irun rẹ̀.

"Bàbá Yìnyín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò tíì yọ́?"

Ó ní kí wọ́n bu tòun, kí wọ́n sì wé méjì sí ẹ̀gbẹ́, ti ìyàwó àti ti ọmọ. Ó dín ohùn kù bí ọkùnrin sí ọkùnrin, ó ní ilé gbóná díẹ̀ lánàá, òun fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n ni. Kò tíì padà sílé láti àárọ̀.

Bàbá Yìnyín bu tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan èyí tó kàn, ó sì rántí. Ó rántí ìkòkò mílíìkì àti ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ tó kọ sí i láàárọ̀. Ẹ béèrè ilé wọn. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Fi owó rẹ pamọ́," ó ní. "Ìyàwó rẹ ti gba ti ọmọ. Èmi ni mo fọ́ yìnyín rẹ̀. Mo fọ́ ọ kúnná. Kò ní yọ́ títí wọ́n á fi kọjá odò. Ṣé àlàáfíà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún wà?"

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tó tíì bá oníbàárà sọ nìyẹn. Ojú rẹ̀ gbóná, inú rẹ̀ dùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wúkọ́ nídìí ilẹ̀kùn. Ó tún wúkọ́. Bàbá Yìnyín yíjú sí i, ó ní ṣé kí òun bu omi fún un.

"Ìkọjá odò," ni Káfíńtà wí. Ó lá áìsìkiriìmù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e mì. "Ẹ wò ó, mo tiẹ̀ ti gbàgbé pé òní ni. Gáréèjì òkè ni wọ́n gbà, àbí ti ìsàlẹ̀?"

"Ti ìsàlẹ̀ ni."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti ń mọ̀rọ̀ sọ."

Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó gbé ife tí kò tíì jẹ tán kalẹ̀, ó jáde. Ó rìn jẹ́jẹ́. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì sọ lẹ́yìn náà pé ìgbà tó kọjá iwájú ṣọ́ọ̀bù òun tán ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ìyá Dídùn padà dé pẹ̀lú ṣúgà lórí. Bàbá Yìnyín pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí kì í ṣe rí. Ó gba ẹrù lórí rẹ̀. Ó ní òun ti bá Káfíńtà sọ̀rọ̀ o. Ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún un, ohun tí òun sọ, ohun tí Káfíńtà dáhùn, bí Káfíńtà ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìyá Dídùn jókòó lórí bẹ́ǹṣì oníbàárà.

Bàbá Yìnyín wò ó. "Ṣé mi ò sọ ọ́ dáadáa ni?"

Ìyá Dídùn wá sọ ohun tó rí fún un: aṣọ méjì, gèlè, ojú. Ó sọ ọ́ tán. Ọkùnrin náà ṣì di àpò ṣúgà mú mọ́ àyà. Ó ní, "Ìwọ lo ní kí n béèrè ilé wọn." Kò fi bú u. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló sọ.

Ìyá Dídùn yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn ìyàwó yẹn láàárọ̀. Ẹ ò lè dá a lẹ́kun?"

"Mo wúkọ́."

"Ikọ́ lẹ wú."

"Àgbà kì í wà lọ́jà…" ni ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò parí rẹ̀. Ó tọwọ́ bọ inú ẹ̀wà tó ti ṣà tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.

Ìyá Dídùn jáde láìwọ bàtà tó bára mu. Onígbàjámọ̀ dá a dúró, ó ní ta ló kú. Ó ní ẹnikẹ́ni ò tíì kú. Ọkùnrin náà ní kó rọra o, eré àgbà lójú títì kì í dára, ó sì padà sórí orí tó ń fá.

Ó sáré, ó rìn, ó tún sáré. Ó gbàdúrà pé kí ọkọ̀ ti kún, kó ti lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀sán kì í tètè kún. Nígbà tó dé gáréèjì ìsàlẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ sí ìkọjá odò ṣì wà níbẹ̀, àwọn èrò inú rẹ̀ ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Àyè èèyàn kan àti ọmọ ṣófo lẹ́bàá fèrèsé.

Àwọn èrò ló ròyìn fún un, ẹnu wọn ń dùn. Ọkọ kan ló wá, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín. Ó kí gbogbo àwọn, ó pa àwọn lẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó òun gbàgbé oògùn sílé, òun ò sì lè jẹ́ kó rìnrìn àjò láìlóògùn. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé, ó gbé e lé èjìká. Ìyàwó kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó di ìjókòó iwájú mú. Ìgbà tó rí i pé ọmọ ti wà lọ́rùn bàbá rẹ̀ ló tú ọwọ́ ká. Dẹ́rẹ́bà gan-an ló bá wọn gbé ẹrù sílẹ̀. Ìyálọ́jà kan ní kí Ọlọ́run fún ọmọ òun náà ní irú ọkọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ó sọ nǹkan kan?" ni Ìyá Dídùn béèrè.

Wọ́n ní ta ni, ọkọ ni? Ìyá Dídùn ní rárá, ìyàwó. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní kò sọ nǹkan kan.

Ó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ọkùnrin náà máa ń lù ú. Dẹ́rẹ́bà ní màmá, ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ẹni tó bá wọ àárín rẹ̀ ló máa gba ẹ̀gbin, òun sì ṣì ń wá èrò kan àti ọmọ kan.

Nígbà tó dé ìsọ̀ Káfíńtà, ó bá a níta, ó ń fá pákó. Ó ń fá a dáadáa, pákó náà ń dán. Ọmọ jókòó sórí èérún igi, ó wọ aṣọ méjì rẹ̀ síbẹ̀, ó ń lá ìka. Ilẹ̀kùn ilé tì. Káfíńtà kí i, ó tún un kí, ó fún un ní àga. Ó ní ìyàwó ń sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá Dídùn ní òun kàn fẹ́ fojú kan án ni. Káfíńtà rẹ́rìn-ín.

"Ìyá wa, ẹ ti ṣe tiyín. Yìnyín yẹn dára gan-an. Kò yọ́."

Ìyá Dídùn dúró. Àwọn aládùúgbò wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń ṣa ìrẹsì, wọn kò gbójú sókè. Ó yẹ kó ti ilẹ̀kùn yẹn. Ó yẹ kó ké. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó wo ọwọ́ Káfíńtà lórí irin ìfági, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí padà sílé. Kí ẹni tí ẹ̀rù ò bà rí dá a lẹ́jọ́.

Wọ́n se ìrẹsì nírọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Oníbàárà wọlé, Ìyá Dídùn bu tirẹ̀ fún un, kò béèrè ilé rẹ̀. Ẹni náà bi í pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni. Lẹ́yìn, Bàbá Yìnyín ní kí àwọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n sọ kí ni, ta ló rí ẹni tó lu ta? Bàbá Yìnyín ní òun á sọ ohun tí òun ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní ṣé lónìí tí ó mọ ọ̀rọ̀ sísọ náà ni yóò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bó ti sọ ọ́ tán ló dùn ún. Ó na ọwọ́ wá àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ kò sún mọ́ ọn.

Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn báyìí ni Onígbàjámọ̀ yọjú ní fèrèsé. Ó ní wọ́n ti gbé ìyàwó Káfíńtà lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ó ṣubú. Ó sọ "wọ́n ní" yẹn, ó dúró lé e díẹ̀, ó lọ.

Tọkọtaya náà jọ lọ. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán. Lẹ́nu géètì, àwọn aládùúgbò yí Káfíńtà ká, ẹnì kan ti gbé àga fún un, ẹnì kan ń bu omi fún un. Ó ń sunkún. Omijé gidi ni. Ọmọ rẹ̀ ti sùn lọ lórí itan rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé irú ọkọ wo nìyí, àwọn kan ní obìnrin ìwòyí kì í wo ilẹ̀ kí wọ́n tó rìn. Obìnrin kan ṣoṣo ni kò sọ nǹkan kan, ìyẹn aláàbágbé wọn tí ògiri wọn papọ̀. Ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Káfíńtà na ọwọ́ sí Bàbá Yìnyín, ó ní Bàbá, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Bàbá Yìnyín wo ọwọ́ náà. Ó kó ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó kọjá.

Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, béèrè pé ta ni wọ́n jẹ́ sí i. Ìyá Dídùn wá ọ̀rọ̀ tó máa pè é.

"Oníbàárà mi ni."

Bàbá Yìnyín ní òun lòun sọ ibi tó lọ fún ọkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó rọra, ìyẹn kọ́ lòun lè kọ sílẹ̀. Ó fà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ilẹ̀ kì í lu èèyàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Òun ti bi í títí, ó ní òun ṣubú. Bó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó lù ú, òun ní ẹni tí òun lè pè, wọ́n á wá, obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ kò ní padà sí ilé yẹn lálẹ́ òní. Bí kò bá sọ ọ́, ọkọ tó wà níta yẹn ni olórí ilé rẹ̀, òun náà ni àwọn máa dá a padà fún. Ó ní bóyá ó máa gbọ́ tiwọn.

Wọ́n wọlé. Bàbá Yìnyín dúró sídìí ilẹ̀kùn. Ìyá Dídùn jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ojú kan ti pa dé, ètè ti là. Ojú kejì ń wò ó.

"Ìyàwó, èmi ni," ó ní. "Sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Màá dúró tì ọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó máa gbọ́."

Ìyàwó Káfíńtà wò ó pẹ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí Bàbá Yìnyín lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le, kò sì ní ìbínú nínú.

"Láàárọ̀, ẹ bi mí pé níbo. Mo rò pé ẹ̀yin nìkan ni mò ń dá lóhùn, mà."

Ìyá Dídùn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹnu òun ni, kì í ṣe ọkàn òun. Ó ní iṣẹ́ ló fà á. Nọ́ọ̀sì rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bírò.

"Ta ló lù ọ́, àbúrò mi?"

"Mo ṣubú."

"Ó dáa. Níbo lo ti ṣubú?"

Ojú tó là náà pa dé.

"Ẹ má bi mí ní níbo mọ́," ó ní. "Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́."

Ó yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrora, ó kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì dúró, Ìyá Dídùn dúró. Wọ́n dúró títí ẹnì kan fi wá tan iná. Ìyàwó Káfíńtà kò yí ojú kúrò lára ògiri.